Agara Ìtọ̀ Ṣúgà Dá Mi, N Kò sì Lè Sọ Ọ́ fún Dókítà

ÌBÉÈRÈ

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Ìbàdàn, ẹni ọdún 52 sì ni mí. Ọdún kẹrìnlá rèé tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Oògùn oníhóró ni mo kọ́kọ́ ń lò, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ insulin kún un, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é: mò ń wọn ṣúgà, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé, mò ń fi ife wọn ìrẹsì. Ní báyìí, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti gún ìka kẹ́yìn. Inú dúróò ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni ẹ̀rọ ìwọnṣúgà náà wà, lábẹ́ àjákù ànkárá, nítorí pé n kò fẹ́ kí ojú mi kàn án. Mo ṣì ń gún abẹ́rẹ́ àárọ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ó sì ti rẹ̀ mí, mo máa ń fo ti alẹ́.

Ohun tí ó ń tì mí lójú jù ni pé nígbà tí ọjọ́ kílíníìkì ku ọ̀la, mo jókòó, mo sì ti orí ara mi kọ iye ṣúgà oṣù kan gbáko sínú ìwé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tú àṣírí mi: HbA1c mi, ìyẹn àyẹ̀wò tí ó ń fi bí ṣúgà ṣe rí ní oṣù méjì sí mẹ́ta hàn, jẹ́ 10.8. Dókítà pariwo mọ́ mi lójú gbogbo èrò, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kú ni. N kò fẹ́ kú, Mà. Ó kàn sú mi ni. Ọkọ mi ń ṣọ́ ẹnu mi bí ẹni ń ṣọ́ olè, wòlíì wa sì sọ pé bí mo bá ní ìgbàgbọ́ tòótọ́, n kò ní gún abẹ́rẹ́ mọ́. Ṣé ọ̀lẹ ni mí ni, àbí kí ló ń ṣe mí?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kì í fi ọdún mẹ́rìnlá ṣe iṣẹ́ tí kò ní owó oṣù, tí kò ní ọjọ́ ìsinmi, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í kí i kú u rẹ̀. Agara ló dá yín, ọ̀rọ̀ tí a ó sì sọ lórí rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò ṣe é dá dúró di ìgbà tí a bá sọ̀rọ̀ tán, èyí sì ni abẹ́rẹ́ alẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò lábẹ́ ànkárá lálẹ́ òní, kí ẹ wọn ṣúgà, kí ẹ rí i pé oúnjẹ wà nílẹ̀, kí ẹ sì gún iye tí dókítà kọ fún yín, láìfi kún un láti fi san gbèsè àwọn alẹ́ tí ẹ ti fò. Bí ó bá jẹ́ pé ó kéré ju 70 lọ lórí ẹ̀rọ tí ó ń fi mg/dL kà á, ẹ kọ́kọ́ po ṣíbí tíì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣúgà mọ́ omi, kí ẹ mu ún, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹ yín láìdáwọ́ dúró, tí ẹ ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí èébì ń gbé yín tàbí tí ẹ ń mí gúlegúle, ẹ má ṣe ka ìyókù ìwé yìí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ní ti ìwé tí ẹ ti orí kọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní kílíníìkì àtọ̀gbẹ, ìwé tí a kọ ní alẹ́ ọjọ́ kan kì í pẹ́ tú ara rẹ̀ fó. Báírò kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ibi tí epo ọbẹ̀ ti ta sí i, gbogbo iye inú rẹ̀ ló sì ń parí sí òdo tàbí márùn-ún: 110, 125, 130, 115. Ìwé òtítọ́ kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti pariwo mọ́ àwọn tí wọ́n mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá rí, mo rò pé mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí ariwo mi kọ́ wọn ni pé kí wọ́n máa fi báírò méjì kọ ọ́. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ẹni tí ó bá jókòó kọ irú ìwé yẹn kò tíì jáwọ́ nínú ìlera ara rẹ̀. Ẹni tí ó ti jáwọ́ kì í tilẹ̀ wá sí kílíníìkì. Ojú ló ń ti onítọ̀hún, ó sì ń wá ọ̀nà tí wọn kò fi ní bínú sí i.

Ohun tí ń ṣe yín yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1995, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn kan ní Amẹ́ríkà, William Polonsky, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè 20 jáde tí a fi ń wọn bí àtọ̀gbẹ ṣe ń wúwo lọ́kàn ẹni tí ó ní in. PAID ni wọ́n ń pè é. Kò bi ọ́ ní iye ṣúgà rẹ. Ó ń béèrè bóyá ìbẹ̀rù ọjọ́ iwájú ń dà ọ́ láàmú, bóyá ọkàn rẹ ń dá ọ lẹ́bi nígbà tí o bá ṣe àṣìṣe, bóyá iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ ti tán ọ́ lókun. Èsì rẹ̀ lè lọ láti òdo dé 100, ẹni tí tirẹ̀ bá sì tó 40 nílò kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá padà dé kílíníìkì, ẹ béèrè rẹ̀. Bí wọn kò bá ní in, kí ẹ sọ ẹ̀dùn yín lẹ́nu náà tó.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a tú ẹrù yìí palẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí. Mo ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí agara àtọ̀gbẹ bá dá, ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí dókítà gbé rù ú nìkan. Dókítà gbé díẹ̀ rù ú, ìyá ọkọ gbé díẹ̀ rù ú, aládùúgbò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà fi tirẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni WhatsApp wá kó èyí tí ó kù jókòó lé e lórí. Nígbà tí ọrùn bá wá ń dun onítọ̀hún, kò ní mọ èyí tí òun lè sọ̀ kalẹ̀, yóò sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ pẹ̀lú omi ewúro.

Mo mú oúnjẹ fún àpẹẹrẹ. Mo lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ìkòkò yín yàtọ̀ sí ìkòkò ilé, pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú nìkan tàbí ti wíìtì ni wọ́n ní kí ẹ máa jẹ, àti pé ẹ kì í jókòó ti àwọn ọmọ yín nídìí oúnjẹ mọ́. Kò sí oògùn nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Ó sàn ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá rokà rẹ̀ tó orí ọmọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yóò gòkè, wíìtì náà kò sì yàtọ̀. Ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì. Ẹ bu nínú àmàlà tí gbogbo ilé ń jẹ, kí ó má ju ìkúùkù ọwọ́ yín lọ, kí ẹ bu ewédú tàbí ẹ̀fọ́ tí ó pọ̀ ju òkèlè lọ, kí ẹ fi ẹja sí i, kí ẹ sì jókòó pẹ̀lú àwọn ènìyàn yín. Ní ọjọ́ míì, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà fún yín ní ọ̀wọ́n gógó lórúkọ oúnjẹ onítọ̀ ṣúgà. Omi ewúro tí ẹ ń fún láàárọ̀ (mo mọ̀ pé ẹ ń fún un, ta ni kì í fún un?) kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́, bí ó bá ti sú yín, ẹ jẹ́ kí ewúro padà sínú ọbẹ̀ tí Ọlọ́run dá a fún.

Yìnyín ni ẹrù kejì tí mo fura sí. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń wá yìnyín káàkiri àdúgbò nítorí insulin nígbà tí kò bá sí iná. Inú fíríìjì ni ìgò tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà, láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Ṣùgbọ́n ìgò tí ẹ ń lò lọ́wọ́ lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru ibẹ̀ kò bá ju 30 lọ, bí ìwé inú páálí rẹ̀ bá ti wí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kan sínú òmíràn, kí ẹ da iyanrìn tútù sáàárín méjèèjì, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kí ẹ sì fi ìgò náà sínú ọ̀rá kí omi má bàa kàn án. Ó ń mú kí ibẹ̀ tutù ju yàrá lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìka. Òkú iṣẹ́ ni kí télọ̀ máa gún góńgó ìka tí ó fi ń di abẹ́rẹ́ ìránṣọ mú. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, kò sí ìdí fún sípírítì, kí ẹ sì gún ẹ̀gbẹ́ ìka, ní ọwọ́ tí ẹ kì í fi ránṣọ. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún oṣù kan, kí ó jẹ́ àárọ̀ lónìí, kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lọ́la, kí ẹ tó gún abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ ṣe lóòótọ́ sàn ju mẹ́rin tí ẹ ti orí kọ lọ, owó sítíríìpù, ìyẹn pélébé tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí fún ẹ̀rọ, náà yóò sì dínkù. Bí ara bá ń gbọ̀n yín tàbí tí òógùn ń bò yín lójijì, ìyẹn kò sí nínú àdéhùn o. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí n kò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ kò pọ̀: insulin, oògùn oníhóró, àti ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí píìnì àti abẹ́rẹ́ ń jábọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, ẹ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹ̀rọ. Àtọ̀gbẹ tí ó ti pẹ́ máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ kú, píìnì lè wọlé kí ẹ má mọ̀ títí yóò fi kẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ó bo ìka, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú kan wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín nínú dígí kí ẹ tó sùn, dígí kan náà tí àwọn oníbàárà yín fi ń wo ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí 10.8 yẹn. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 láyé, ṣúgà sì ń lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ọn ni HbA1c ń kà, ìdí nìyẹn tí ó fi ń sọ ìtàn oṣù méjì sí mẹ́ta. Ohun tí ara yín ń sọ fún yín ni, kì í ṣe máàkì tí olùkọ́ fún yín. Wọ́n lè ti sọ fún yín pé ó gbọdọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 7, ẹ sì wo bí ibẹ̀ ti jìnnà tó, ni ẹ bá jókòó. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní UKPDS, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1977 pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 5,000 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní irú àtọ̀gbẹ kejì, fi hàn pé bí HbA1c bá fi ẹyọ kan ṣoṣo lọ sílẹ̀, ewu ìbàjẹ́ àwọn òpójẹ̀ kéékèèké inú ojú àti kíndìnrín ń fi nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Láti 10.8 sí 9.8, èrè wà níbẹ̀. Ẹ bá dókítà yín fi ìyẹn ṣe àfojúsùn oṣù mẹ́ta tí ń bọ̀, kí ẹ fi 7 sílẹ̀ ná.

Ní ti wòlíì yín, n kò bá a du ipò. Ṣùgbọ́n kí àwọn olùwádìí méjì, Banting àti Best, tó rí insulin ní Toronto ní Kánádà ní ọdún 1921, àwọn ọmọdé tí ara wọn kò pèsè rẹ̀ kì í pẹ́ láyé, àwọn òbí wọn sì mọ àdúrà í gbà. Ọmọ ọdún 14 kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní abẹ́rẹ́ náà ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1922, ó sì gbé ọdún mẹ́tàlá sí i láyé. Ẹ máa gbàdúrà, kí ẹ sì máa gún abẹ́rẹ́.

Ọkọ yín ní tirẹ̀ ń bẹ̀rù ni, ìbẹ̀rù ọkùnrin sì sábà máa ń jáde bí àṣẹ. Ẹ fún un ní iṣẹ́ gidi kan dípò ìṣọ́: kí ó jẹ́ òun ni yóò máa ra sítíríìpù kí ó tó tán, kí ó sì máa bá yín rìn dé òpin àdúgbò lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ sọ fún un pé láti òní lọ, kí ó má ṣe sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó wà nínú àwo yín lójú àlejò.

Ìbéèrè kan kù tí ẹ ní láti dá ara yín lóhùn. Ṣé àtọ̀gbẹ nìkan ló sú yín, àbí ohun gbogbo? Bí ẹ bá ṣì ń gbádùn kí ẹ rán aṣọ kí ó jókòó lára oníbàárà, tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, agara lásán ni. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà kò bá dùn mọ́, tí oorun dà rú, tí ẹ ń sunkún láìnídìí, tí ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nìyẹn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn onítọ̀ ṣúgà ju àwọn mìíràn lọ. Ó ní oògùn, ó sì ní ìtọ́jú. Bí wọ́n bá kọ ìwé fún yín láti rí dókítà ọpọlọ, ẹ má sọ pé wọ́n pè yín ní wèrè. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti ayé ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ tí ó ṣe olórí ibẹ̀ nígbà kan, ni ènìyàn ti ń lọ gba ìtọ́jú tí ó sì ń padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí èrò pé ikú sàn bá sì wọ ọkàn yín, ẹ má dá gbé e sùn: ẹ sọ fún ẹnìkan nínú ilé, kí wọ́n sì mú yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sọ ní kílíníìkì rèé, ẹ lè gé e jáde kí ẹ fi í lé dókítà lọ́wọ́ bí ẹnu bá wúwo: “Dókítà, n kò wọn ṣúgà mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì fo abẹ́rẹ́ alẹ́ nígbà púpọ̀. Ìwé tí mo mú wá ní ìgbà tí ó kọjá, mo ti orí kọ ọ́ ni. Agara dá mi. Èwo ni mo lè dín kù, èwo ni n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?” Ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, nítorí bí ó bá gbà pé ẹ ń gún gbogbo abẹ́rẹ́ tí ṣúgà sì ṣì ga, ohun tí yóò ṣe ni pé yóò fi kún insulin yín, ọjọ́ tí ẹ bá sì wá gún gbogbo rẹ̀ pé, ṣúgà lè já wálẹ̀ kí ẹ dákú sórí ẹ̀rọ. Bí owó bá jẹ́ ara ìdí tí ẹ fi ń fo ti alẹ́, ẹ fi ìyẹn kún un. Oríṣi insulin kan wọ́n ju òmíràn lọ, wọ́n sì lè yí i padà.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, Ṣàgámù ni màmá mi wà, wọ́n sì ti ní àtọ̀gbẹ fún ogún ọdún. Ní gbogbo alẹ́ ni mo ń pè wọ́n láti béèrè iye ṣúgà wọn. Láti bí oṣù méjì, wọn kì í gbé fóònù mi mọ́, àbúrò mi ni wọ́n ń sọ fún pé àwọn wà dáadáa. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ìfẹ́ ni ẹ fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò màmá. Wọ́n ti bí yín, wọ́n ti pọ̀n yín, wọ́n ti tọ́ yín dàgbà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń gbọ́ lẹ́nu yín láti òkè òkun ní alaalẹ́ ni “Èló ni?” Bí iye náà bá dára, ẹ ó ní “Ẹ ṣeun,” bí ó bá ga, ìwàásù yóò bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀?

Ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò ní béèrè iye ṣúgà mọ́ àfi bí àwọn fúnra wọn bá sọ ọ́, kí ẹ sì mú un ṣẹ. Kí àbúrò yín tí ó wà nílé máa mójú tó ti pàjáwìrì: kí ó mọ ohun tí a ń ṣe bí ṣúgà bá já wálẹ̀, kí ó sì mọ ọjọ́ kílíníìkì. Iṣẹ́ tiyín ni owó oògùn àti sítíríìpù, kí ó máa wọlé ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù láìjẹ́ pé wọ́n béèrè, nítorí pé kí ìyá máa tọrọ owó abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wà lára ohun tí ń mú agara dá wọn.

Bí ó bá di Sátidé yìí, ẹ má fi fóònù pè wọ́n. Ẹ rán ohùn sí wọn lórí WhatsApp, kí ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́, bóyá edé ni wọ́n ń kọ́kọ́ dà sí i ni àbí ewùrà. Wọ́n á pè yín padà, pàápàá bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ lódì.